Bí A Ṣe Fi Pọ́ǹpù Alábẹ Ti Ìdọ̀tí Ilé Onítáyà Gòkè Dé Sọ́káwè ní Ushafa

Ohun tó wà nílẹ̀

Irú ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n bá ń lọ gbafẹ́ ni: yàrá ìsùn kan, ibi ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí táyà mẹ́rin. Ilé onítáyà ni mo ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ọ̀ffà, ló rà á ní tòkunbọ̀ l'Ékòó, tó wọ́ ọ gba Lọ́kọ́ja wá sí Abuja, tó sì gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ń kọ́lé sí lọ́nà Ushafa, ní agbègbè Bwari. Inú rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé títí ilé yóò fi parí. Owó ilé tí wọn ì bá máa san ní Kubwa ti di owó sìmẹ́ńtì, ẹ̀gbọ́n sì ń ti ojú fèrèsé ṣọ́ àwọn bíríkìlà.

Tánkì ìdọ̀tí méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ ń gba gálọ́ọ̀nù 30 ti Amẹ́ríkà, ìyẹn nǹkan bíi lítà 114. Èyí tó ń gba omi ìwẹ̀ àti omi abọ́ ń gba gálọ́ọ̀nù 40, nǹkan bíi lítà 150. Lọ́hùn-ún, ibùdó ìgbafẹ́ máa ń ní ihò nílẹ̀ fún irú èyí. Wọ́n á so họ́ọ̀sì gbàgbà oníńṣì mẹ́ta mọ́ ẹnu tánkì, wọ́n á fa fáàfù, ìdọ̀tí á sì ṣàn wọ ihò náà fúnra rẹ̀.

Tiwa kò lè ṣàn. Sọ́káwè tí ẹ̀gbọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ fún ilé tó ń kọ́ wà lókè, ilé onítáyà sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Bwari á ti mọ ìdí rẹ̀: àpáta. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tó yẹ kí sọ́káwè wà, dígà ò wọlẹ̀ ju orúnkún lọ tó fi kan òkúta. Ibi tí ilẹ̀ ti gbà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: láti ẹnu tánkì dé máńhóòlù jẹ́ mítà 22, òkè náà sì fi díẹ̀ dín ní mítà 2.

Kí wọ́n tó pè mí, ọmọkùnrin kan ló ń wá lálẹ́ láti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbà á, tí yóò rù ú gòkè. Agbépòó tí a rò pé ó ti bá ayé àwọn bàbá wa lọ n'Íbàdàn, ó tún ti gba iṣẹ́ ní Abuja. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ọmọ náà kò ní ìbọ̀wọ́, kò sì ní bàtà tó bo ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń fa sọ́káwè ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà nirú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé, ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kò sì gbà á. Ta ni yóò máa pè é wá fa lítà 114 ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀? Ní àárín ìlú Abuja, páìpù ìjọba ló ń gbé ìdọ̀tí lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ ní Wupa, lẹ́bàá Idu, ṣùgbọ́n páìpù yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Dídà á sínú igbó kò tilẹ̀ wá sọ́rọ̀. Lower Usuma Dam tí ìlú Abuja ń mu omi rẹ̀ wà ní Ushafa níbẹ̀, kànga àwọn aládùúgbò sì wà nísàlẹ̀ wa gan-an.

Pọ́ǹpù náà

Ẹ̀gbọ́n ti kọ́kọ́ ní kí a lọ ra pọ́ǹpù ìdọ̀tí oní-fólítì 220, irú èyí tí wọ́n ń rì sínú omi, wọ́n pọ̀ ní Dei-Dei, ọjà ohun ìkọ́lé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ máa rì í sí?" Irú pọ́ǹpù yẹn nílò kòtò tó máa jókòó sí, kòtò la sì ń sá fún. Ohun kejì ni pé ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù. N ò fẹ́ iná 220 nítòsí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ní kí wọ́n rà ni pọ́ǹpù alábẹ tó ṣeé gbé kiri, èyí tí wọ́n kọ macerator sí lára páálí rẹ̀. Fólítì 12 ló ń jẹ, bíi ti bátìrì mọ́tò. Abẹ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń lọ ohun tó bá wọlé bí ẹ̀rọ ata ṣe ń lọ ata, rọ́bà kan tó ní ìyẹ́ sì wà lẹ́yìn abẹ náà. Bí rọ́bà ṣe ń yí, ìyẹ́ rẹ̀ á tẹ̀, á tún nà, á máa fa nǹkan mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́ kan, á máa tì í jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Orí ọ̀pá kan náà ni abẹ àti rọ́bà wà, mótò kan ló ń yí àwọn méjèèjì. Ẹnu tó ń gbà á wọlé jẹ́ íńṣì mẹ́ta; ẹnu tó ń tú u jáde, íńṣì kan péré. Nítorí pé ó ti lọ̀ ọ́ kúnná, ìdọ̀tí tó máa ń fẹ́ páìpù ńlá á gba inú họ́ọ̀sì kékeré kọjá, á sì lè gòkè. Ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè tú lítà 45 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, pẹ̀lú họ́ọ̀sì kúkúrú, bóyá. Lórí òkè tiwa, mo fi ojú bu lítà 25.

Omi àti iná ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Tánkì tí omi inú rẹ̀ kò tó á fún pọ́ǹpù lọ́rùn. Pọ́ǹpù tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé á máa kùn lásán. Abẹ tí gbogbo ènìyàn ń tẹjú mọ́ yẹn, òun ló dá wàhálà tó kéré jù sílẹ̀ fún wa.

Àbúrò ẹ̀gbọ́n tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi pọ́ǹpù náà ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ nínú páálí kó tó dé. Nígbà tí a fi bátìrì kàn án lórí tábìlì, ó kùn ùùù, kò yí. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti ta òkú ọjà fún wọn." Rárá o. Rọ́bà tó bá jókòó gbẹ fún ìgbà pípẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ilé rẹ̀. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ojú ìlà sílẹ̀ sí ìdí mótò lẹ́yìn, tí a ó fi sukurudíráfà yí ọ̀pá náà díẹ̀. A yọ wáyà kúrò ní bátìrì ná, a da omi ọṣẹ ìfọbọ́ sí i lẹ́nu, a yí ọ̀pá náà títí ó fi jára gbà. Ẹ má fi epo mọ́tò tàbí gírísì ṣe é o. Epo bẹ́ẹ̀ lè ba irú rọ́bà yìí jẹ́, kó wú, kó sì rọ̀. Omi ọṣẹ tó.

Wáyà

Ibí ni iṣẹ́ ti gùn jù.

Iwájú ilé onítáyà ni bátìrì wà, ní ibi tí wọ́n ti ń so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹnu tánkì wà lápá ẹ̀yìn. Ẹnì kan ti fa wáyà 1.5 láti iwájú dé ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, bóyá fún gílóòbù. Ẹ̀gbọ́n rò pé ara ìyẹn la máa so pọ́ǹpù mọ́. Mo so ó mọ́ ọn kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i, a sì kó omi lásán sí bọ́kẹ́ẹ̀tì fún pọ́ǹpù láti fà. Mítà tí a fi ń wọn iná ka fólítì 12.3 lórí bátìrì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ẹnu pọ́ǹpù, ó ka 9.9. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ibo ni ìyókù gbà lọ?" Mo ní kó fọwọ́ kan wáyà. Ó ti gbóná.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Pọ́ǹpù yìí ń fa nǹkan bíi ámpù 15. Mítà 7 ni wáyà náà, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 14. Wáyà bàbà 1.5 tó gùn tó yẹn ń jẹ fólítì 2.4 lójú ọ̀nà kí iná tó débi iṣẹ́. Ẹni tó bá ń lo iná 220 kò ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí 2.4 kò jẹ́ nǹkan kan nínú 220. Nínú 12, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ti lọ. Mótò tí kò jẹun yó, bí abẹ bá kan nǹkan tó le díẹ̀, á dúró; bó bá dúró tí iná ṣì wà lára rẹ̀, á jó.

A ju ìyẹn nù, a fa wáyà 6 tuntun, tó nípọn jù ú lọ, pupa àti dúdú, nínú páìpù lábẹ́ ilé. Òun kò jẹ ju fólítì 0.6 lọ. Mítà ka 11.7 ní ẹnu pọ́ǹpù, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ kò ní nílò mítà. A fi fíúùsì ámpù 20 sẹ́bàá bátìrì, kì í ṣe sẹ́bàá pọ́ǹpù, nítorí wáyà gan-an ni fíúùsì ń ṣọ́. Bí eku bá jẹ wáyà lábẹ́ ilé, tí pupa kan irin, fíúùsì tó wà lẹ́yìn kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú.

Súwíìṣì ni mo ronú sí jù. Bí omi bá tán nínú tánkì tí pọ́ǹpù ṣì ń yí, rọ́bà yóò máa fi ara gbígbẹ ha ilé rẹ̀, kò sì ní pẹ́ rárá kó tó jó. Ẹni tó bá fi súwíìṣì lásán tan pọ́ǹpù lè lọ dá ẹnì kan lóhùn ní gèétì. Nítorí náà mo lọ sí Apo Mechanic Village, mo ra bọ́tìnnì hóònù àti rílè hóònù, ìyẹn súwíìṣì tí iná díẹ̀ láti ara bọ́tìnnì ń tan, tó wá ń gbé iná ńlá fún pọ́ǹpù, èyí tó lè gbé ámpù 40. Ìgbà tí o bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ nìkan ni pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Bí ọwọ́ bá kúrò, ó parí. Ẹ̀gbọ́n ní ìyà ni mo fẹ́ fi jẹ àtàǹpàkò òun. Mo ní kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ.

Ní ti bátìrì, wọ́n ti ń fi sólà gbà á tẹ́lẹ̀, a ò fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹni tó bá ra irú ilé yìí kó rántí pé iná 120 ni àwọn ohun inú rẹ̀ ń jẹ, kò gbọ́dọ̀ fi iná wa kàn án tààrà láìsí tiransífọ́mà tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ pọ́ǹpù kò ná bátìrì ní nǹkan kan: ámpù 15 fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá kò tó ámpù-wákàtí 3, bátìrì wọn sì jẹ́ 100.

Ẹnu tánkì

Ẹnu pọ́ǹpù máa ń ní ìkọ́ tó ń wọ ara etí tó wà lẹ́nu tánkì. Wàá tì í, wàá yí i, á ti gbá a mú. Etí méjì nínú ti ilé onítáyà yìí ti kán, ó jọ pé ojú ọ̀nà ló ti kán nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀. Wọn kì í ta irú rẹ̀ ní Dei-Dei. Páìpù oníńṣì mẹ́rin kún ibẹ̀, oníńṣì méjì kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n oníńṣì mẹ́ta ti Amẹ́ríkà, ara rẹ̀ lóde jẹ́ mílímítà 89, kò sì bá ọ̀kankan mu.

Ọjà mọ́tò ló yọ wá. Àwọn tirela ńlá ní họ́ọ̀sì rọ́bà nípọnnípọn tó ń gbé atẹ́gùn láti ara tọ́bò wọ ẹ́ńjìnnì, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ mílímítà 90 nínú. Mo rí ọ̀kan ní Apo níbẹ̀, a gé e sí gígùn ọwọ́ kan. A fi ayùn gé etí tó kù lẹ́nu tánkì dànù, a fi yanrìn bébà ha ojú rẹ̀, a ki rọ́bà náà bọ̀ ọ́, a fi kílíìpù onínọ́ọ̀tì dè é. Ẹnu pọ́ǹpù wọ apá kejì pẹ̀lú kílíìpù tirẹ̀. Sípánà kékeré ló ń tú u, nítorí náà pọ́ǹpù ṣì ṣeé gbé kúrò, a sì máa ń gbé e wọlé nítorí oòrùn àti olè. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń tì ni wọ́n ṣe rọ́bà yìí fún. Ìdọ̀tí tó ń rọra ṣàn kò lè ṣe é ní nǹkan. Kò jò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ike tó kán náà lọ.

Họ́ọ̀sì

Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó, ìyẹn mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò fún irú pọ́ǹpù yìí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó tó. Lórí òkè, ẹ jẹ́ ká wò ó: bí a bá fẹ́ kí lítà 25 kọjá ní ìṣẹ́jú kan nínú mítà 25 họ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, ara họ́ọ̀sì nìkan á jẹ agbára tó tó láti gbé omi gòkè nǹkan bíi mítà 4. Ìyẹn ju òkè tí a fẹ́ gùn lọ ní ìlọ́po méjì. Oníńṣì kan kò jẹ ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. A ra oníńṣì kan, èyí tó ní okùn nínú ara rẹ̀ tí kì í ká. A fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀ méjèèjì, a sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi gba omi lọ́wọ́ mai ruwa, ìyẹn ẹni tó ń ta omi kiri, láéláé. Ibi tí a ń fi í pamọ́ sí jìnnà sí ibi táńkì omi mímu.

Nínú máńhóòlù, a fi okùn so orí rẹ̀ mọ́ irin, kó má baà fò jáde nígbà tí pọ́ǹpù bá bẹ̀rẹ̀, a sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wà lókè omi sọ́káwè. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ihò náà. Afẹ́fẹ́ tó ń tinú sọ́káwè jáde lè mú ènìyàn dákú kó tó mọ̀, òmíràn nínú rẹ̀ sì máa ń gbaná. Kí a má mu sìgá níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú rẹ̀ nítorí pé nǹkan já bọ́ sí i, ì báà jẹ́ fóònù.

Ìgbà tí a tan án

Kí a tó so pọ́ǹpù, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú tánkì láti ojú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Òkìtì ló wà lábẹ́ àwo náà gan-an, omi sì ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ọwọ́ mai ruwa ni wọ́n ti ń ra omi, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó tirẹ̀, wọ́n wá ń fi omi ṣọ́ra nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá fi omi ṣọ́ra níbẹ̀ ń kó ìyà jọ de pọ́ǹpù. A da kẹ́ẹ̀gì méjì, lítà 50, sínú rẹ̀ lálẹ́, a jẹ́ kó rẹ̀ mọ́jú. Ooru Abuja náà ṣe tirẹ̀: ní oṣù tí oòrùn ń mú bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú tánkì kì í pẹ́ rà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkìtì ti wó.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé pọ́ǹpù yìí kì í sọ, nítorí pé bébà ni àwọn tó kọ ọ́ ń lò. Nílé ẹ̀gbọ́n, búútà ni. Omi búútà ń wọ tánkì lójoojúmọ́, bébà kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ìdọ̀tí wọn rọrùn fún pọ́ǹpù ju ti ará Amẹ́ríkà lọ, bí wọ́n bá ti lè fi omi díẹ̀ kún un lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn àlejò ló ń fà wàhálà. Wáìpù ọmọdé, páàdì àti òwú, abẹ kò lè gé wọn. Wọ́n á wé mọ́ ọ̀pá ni. A rí wáìpù kan tó léfòó, a fi wáyà fà á jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti gbé garawa olómorí síbẹ̀ báyìí, ó sì kọ ìwé mọ́ ara ògiri lédè Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìbínú nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti ìgbọ̀nsẹ̀ la kọ́kọ́ fà. Èyí ṣe pàtàkì: omi ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, kó lè fọ inú pọ́ǹpù àti họ́ọ̀sì. Ọmọ iṣẹ́ mi wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ máńhóòlù, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn kọlù ú. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ di bọ́tìnnì mú. Mo fa fáàfù, mo rí i tí ìdọ̀tí wọ ìgbọ̀nwọ́ ike tó mọ́ gaara, tí a ń rí inú rẹ̀, lẹ́nu pọ́ǹpù, mo ní kó tẹ̀ ẹ́.

Họ́ọ̀sì gbọ̀n, ó le, mẹ́gàdì sì pariwo lédè Hausa láti òkè pé ó ti dé, ó dára: "Madalla!" Kò pẹ́, ohùn pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń ṣe gbòlògbòlò nínú ilé. Bí mo ṣe ní kó dúró, omi tó wà nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ti bá a wọlé.

Ihò èémí ló dí. Tánkì kọ̀ọ̀kan ní páìpù tó gòkè lọ sórí òrùlé, tí afẹ́fẹ́ fi ń wọlé dípò ohun tó bá jáde. Bí ìyẹn bá dí, pọ́ǹpù á máa fa tánkì mọ́ ara rẹ̀, á fa omi tó ń dí òórùn kúrò nínú àwo tàbí páìpù tó bá wọ tánkì náà, òórùn á sì gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá le jù, tánkì ike lè tẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ gun òrùlé. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé dí páìpù méjèèjì pátápátá, ilé tó ti gbó, tí agbọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. A fi ọ̀pá tú u sílẹ̀, a fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo orí páìpù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wá sọ pé òórùn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ìgbà tí wọ́n ti dé, òun rò pé bí ilé òyìnbó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, kò sí ìjà mọ́. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ gbẹ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó kù díẹ̀, ohùn pọ́ǹpù lọ sókè lójijì, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì hàn nínú ìgbọ̀nwọ́ ike. Ẹ̀gbọ́n ti gbé ọwọ́ kúrò kí n tó sọ̀rọ̀. A ti fáàfù yẹn, a ṣí ti omi ìwẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Omi náà kọ́kọ́ jáde lókè pẹ̀lú dúdú, ó wá mọ́, ó wá ń hó fún ọṣẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó máa ń wà nínú họ́ọ̀sì nígbà tí pọ́ǹpù bá dúró. Mítà 25 oníńṣì kan ń gba ju lítà 12 lọ, òkè ló sì wà, ó fẹ́ padà wálẹ̀. Bí ẹ bá tú kílíìpù ẹnu pọ́ǹpù nígbà yẹn, ẹsẹ̀ yín ni yóò dà sí. Kí fáàfù méjèèjì wà ní títì ná. Ẹnì kan á wá gbé orí họ́ọ̀sì ti ìsàlẹ̀ sókè, á máa gbé e lé èjìká bó ṣe ń rìn gòkè, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dà sínú máńhóòlù. Omi ọṣẹ ló máa wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀lé ètò tí mo sọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí omi ìwẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ da bílíìṣì sí tánkì kó lè mọ́ tónítóní. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tí ojú ò rí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú sọ́káwè. Bílíìṣì á pa wọ́n, sọ́káwè á tètè kún. Omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ tó.

Ohun tó kù

Báyìí, ọ̀sẹ̀ kan ni tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ ń lò kó tó kún, ẹ̀gbọ́n sì ń ṣe é fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kí àwọn bíríkìlà tó dé. Ọmọ tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń pọn omi fún bíríkìlà. Bí wọn kò bá ní lo pọ́ǹpù fún ìgbà pípẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Ọ̀ffà fún Iléyá, wọ́n ní láti fa omi ọṣẹ kọjá nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e pamọ́, kí rọ́bà má baà lẹ̀. Mo ti ní kí àbúrò wọn fi rọ́bà àti òrùka ìdí ọ̀pá mìíràn ránṣẹ́, nítorí àwọn méjèèjì ló máa kọ́kọ́ jẹ, wọn kì í sì í ta á ní Abuja níbí.

Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ pé kí a ri páìpù oníńṣì kan mọ́lẹ̀ láti ibẹ̀ dé òkè, kó má baà máa tẹ́ họ́ọ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N kò tíì gbà. Họ́ọ̀sì tó dí, a lè gbọ̀n ọ́n, a lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a lè gé e. Páìpù tó dí lábẹ́ àpáta Bwari, dígà ni. Bó bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn òjò, a ó gbé e gba orí ilẹ̀, lórí búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú ìdérí tó ṣeé ṣí níbi tó bá ti yí igun.